Epo Tuntun Nínú Kànga Kukuo

Okùn ní orí méjì. Ohun tí Zulfah Ìgè ń rò nìyẹn lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n gbé òkú Bashiru jáde nínú kànga kan ní àdúgbò Kukuo, tí omi ń ro tótó lára rẹ̀, tí òórùn epo sì gba gbogbo agbo ilé kan. Okùn rọ́bà aláwọ̀ búlúù wà lábẹ́ abíyá òkú náà. Wọ́n ta á ní kókó líle, irú èyí tí àwọn fítà tó ń tún ọkọ̀ ṣe máa ń ta bí wọ́n bá fẹ́ gbé ẹ́ńjìnnì sókè. Orí kejì kò so mọ́ ohunkóhun. Ó kàn ń wọ́ tẹ̀ lé òkú bọ̀ láti inú omi ni.

"Ìjàǹbá ni," Abdul-Ganiyu wí. Òun ni ọ̀gá Zulfah ní ẹ̀ka ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, ọkùnrin sísanra kan tí kì í fẹ́ kí ẹjọ́ pẹ́ lórí tábìlì òun. "Ó wọ kànga lọ bu epo tó léfòó síbẹ̀, èéfín epo gbé e ṣubú. Ó parí."

"Ọ̀gá, ta ló sọ̀ ọ́ kalẹ̀?"

"Òun fúnra rẹ̀ náà ni."

"Ẹni tó ta okùn mọ́ra báyìí, tó wá fi orí kejì sílẹ̀ lófìfo? Ẹ wò ó, kò sí igi, kò sí òpó, kò sí ohun téèyàn lè so okùn mọ́ nítòsí kànga yìí. Láti kékeré ni Bashiru ti ń fi okùn gbé irin. Kò jẹ́ sọ̀ kalẹ̀ bí kò bá rí ẹni bá a di okùn mú."

Abdul-Ganiyu wo okùn, ó wo Zulfah, ó mí kanlẹ̀. "Ẹni tó bá a dì í mú náà dà?"

Zulfah bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí etí kànga. Okùn ti ha sìmẹ́ǹtì ẹnu kànga, ó ha á jinlẹ̀, fọ́nrán búlúù sì wà nínú ojú ibi tó ha náà. Èyí kì í ṣe ojú okùn tí wọ́n rọra ń tú sílẹ̀. Eré ni okùn yìí sá.

Zulfah mọ Bashiru dáadáa. Ta ni kò mọ̀ ọ́n nínú àwọn Yorùbá tó wà ní Tamale, ní àríwá Gánà? Baba ńlá tàwọn méjèèjì ló wá láti ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀kan ru aṣọ títà, èkejì ru Kùránì, wọ́n sì tẹ̀dó sí Zongo, àdúgbò àwọn àlejò, láyé òyìnbó, wọn kò padà mọ́. Bashiru kò jogún òwò aṣọ, iṣẹ́ fítà ló kọ́. Òun ló dàgbà jù nínú àwọn fítà tó wà ní pápá Kukuo, lẹ́bàá ojú ọ̀nà, títí di ọdún kejì sẹ́yìn tí omi kànga yìí, tó wà nílé Sàlíhù, bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí fìtílà. Ojú gbogbo ènìyàn kọ sí àwọn fítà. Àwọn àgbààgbà lọ bá àwọn aláṣẹ ìlú, wọ́n ti pápá náà pa, àwọn fítà sì fọ́n ká bí àparò tí wọ́n sọ òkò sí. Bashiru nìkan ni kò lọ. Nígbà tí ọmọbìnrin onímọ̀ kan, Sàlmà, wá láti yunifásítì pé òun fẹ́ fi kòkòrò àìfojúrí wẹ ilẹ̀ náà mọ́, Bashiru ló gbà pé òun yóò máa bá a ro ó, òun yóò máa bá a yí i.

Nísinsìnyí tó ti kú sínú kànga tí wọ́n ní òun ló bà jẹ́, àwọn ènìyàn ti rí ọ̀rọ̀ sọ. Wọ́n ní ẹ̀san ni.

Dókítà yẹ òkú wò kí wọ́n tó sin ín, ó sì sọ fún Zulfah pé omi ló pa Bashiru.

"Ó dákú kó tó ṣubú," dókítà wí. "Àmọ́ ó ta jí nígbà tó balẹ̀. Omi ibẹ̀ kò ju igbáàyà lọ. Ó tiraka, ó sì pẹ́ díẹ̀ kó tó rì."

"Ká ní ẹnì kan ké sí àwọn ará ilé ńkọ́?"

Dókítà ń fọ ọwọ́ rẹ̀. "Ká ní ẹnì kan ké ni," ó wí, kò sì parí rẹ̀.

*

Sàlíhù, onílé tó ni kànga, ni gbogbo ọlọ́pàá àgọ́ náà gbà pé ó mọ̀ nípa rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló mu omi kànga yẹn nígbà oyún kí wọ́n tó mọ̀ pé ó ti bàjẹ́, oyún náà sì wálẹ̀. Lẹ́yìn èyí ló gbá Bashiru létí ní gbangba, lójú gbogbo àwọn tó ń ra búrẹ́dì. Dagomba ni Sàlíhù, ọmọ ìbílẹ̀ ìlú náà, àgbẹ̀ tó tún ń ta àgbàdo. Èdè Haúsá ni òun àti Zulfah jọ fi sọ̀rọ̀.

"Nígbà tí wọ́n rí Bashiru ní Sátidé, ìdérí wà lórí kànga," Zulfah wí. "Òkú kì í dé kànga mọ́ ara rẹ̀ lórí. Ta ló dé e?"

"Èmi ni."

Zulfah kò retí pé yóò yá tó bẹ́ẹ̀. "Nígbà wo?"

"Nígbà tí mo ti ìrun Jímọ̀ dé. Mo bá ìdérí nílẹ̀. Àwọn ewúrẹ́ wa wà nítòsí, mo sì dé e padà kí wọ́n má baà jìn sínú rẹ̀."

"O kò wo inú rẹ̀?"

"Látìgbà tí omi yẹn ti pa ọmọ mi nínú ìyá rẹ̀, mi ò wo inú rẹ̀ mọ́."

"O kórìíra Bashiru."

"Mo kórìíra rẹ̀. Mo ti fi orúkọ rẹ̀ sí àdúà tí kò dára. Àmọ́ mọ́sáláṣí ni mo wà, ẹ̀gbọ́n mi wà lápá ọ̀tún mi, àna mi wà lápá òsì."

"Na ọwọ́ rẹ sí mi."

Ó na ọwọ́ méjèèjì. Zulfah yí wọn síhìn-ín, ó yí wọn sọ́hùn-ún. Ọkọ́ ti mú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ yi bí awọ bàtà, ṣùgbọ́n kò sí egbò kankan níbẹ̀. Bashiru sanra. Ẹni yòówù kí okùn yẹn sá mọ́ lọ́wọ́ pẹ̀lú ẹrù tó tó bẹ́ẹ̀, okùn yóò bó o lẹ́ran. Zulfah fi ọwọ́ Sàlíhù sílẹ̀, ó sì ní kó máa lọ.

Sàlíhù dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. "Wọ́n ní kò tètè kú."

Zulfah gbójú sókè wò ó.

"Nígbà tí mo dé kànga náà," ó wí, "ṣé ó ti kú?"

Ní gbogbo ọdún tí Zulfah ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, òun ló máa ń bi èèyàn ní ìbéèrè tí wọn kò lè dáhùn. Ó sọ pé òun kò mọ̀. Òótọ́ sì ni, kò mọ̀.

*

Ohun kan wà nínú àpò ṣòkòtò Bashiru tí àwọn tó gbé e jáde kò kà sí: ìgò kékeré kan tó ní ìdérí líle, tí omi kún inú rẹ̀, tí epo sì tò lé e lórí. Zulfah gbé e lọ bá Sàlmà ní pápá fítà àtijọ́.

Òkìtì ilẹ̀ gígùn mẹ́rin ló wà níbẹ̀ lábẹ́ tapolí dúdú. Sàlmà ń wọ́n omi sí ọ̀kan. Yorùbá ni bàbá rẹ̀, Dagomba ni ìyá rẹ̀. Ó ń gbọ́ Yorùbá ju bó ti ń sọ ọ́ lọ, ó sì máa ń gbàgbé láti fi "ẹ" bá àgbà sọ̀rọ̀. Zulfah kì í bínú sí i.

"Tèmi ni ìgò yẹn," Sàlmà wí kí wọ́n tó bi í. "Àmọ́ mi ò rán an. Wallahi, mi ò rán an."

"Kí ló wá fẹ́ fi ṣe?"

"Ó ti sú u kí wọ́n máa bú u. Ó máa ń sọ fún mi pé, 'Ilẹ̀ pápá yìí, àwa la bà á jẹ́, mo gbà. Ṣùgbọ́n ti kànga yẹn, mi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.' Mo ní tí a bá lè rí epo inú kànga, mo lè mọ̀ bóyá tiwọn ni tàbí tiwọn kọ́. Mo kàn sọ ọ́ ni. Mi ò mọ̀ pé yóò wọ ibẹ̀."

"Báwo lo ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n? Ṣé epo ní orúkọ lára ni?"

Sàlmà ká tapolí kúrò. "Ki ọwọ́ rẹ bọ inú rẹ̀."

Zulfah ki ọwọ́ bọ òkìtì náà títí dé ìgbọ̀nwọ́. Ó gbóná bí abẹ́ adìyẹ tó ń sàba.

"Kòkòrò ló ń jẹun," Sàlmà wí. "Ó kéré débi pé ojú kò lè rí i. Wọn kì í ṣe oògùn tí mo rà wá, inú ilẹ̀ yìí gan-an ni mo ti kó wọn. Wọ́n ti wà níbẹ̀, wọ́n ti ń jẹ epo, àmọ́ ebi nǹkan mìíràn ń pa wọ́n. Mo fún wọn ní ìgbẹ́ màlúù, mo fún wọn ní omi, mo ń yí ilẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè kàn wọ́n, wọ́n wá pọ̀ sí i. Bí wọ́n bá jẹ epo tán, ilẹ̀ yóò padà di ilẹ̀."

"Kí ni ìyẹn fi kan ìgò yìí?"

"Bí ebi bá ń pa ẹ, tí wọ́n gbé wáákyé ka iwájú rẹ, kí lo máa kọ́kọ́ mú?"

"Ẹyin. Ẹran."

"Ẹ̀wà àti ìrẹsì ló máa kẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe. Èyí tó fúyẹ́ nínú epo ni wọ́n kọ́kọ́ ń jẹ, wọ́n á fi èyí tó le sílẹ̀ dìgbà mìíràn. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún náà, wọ́n wà níbẹ̀. Oúnjẹ wọn kò yá nítorí afẹ́fẹ́ kò tó, àmọ́ wọ́n ń jẹ."

Ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní orí Zulfah. "Ọdún kejì rèé tí àwọn fítà ti kúrò níbí."

"Ehn. Tó bá jẹ́ pé tiwọn ló wà nínú kànga, àjẹkù la máa bá."

Sàlmà mú ìgò náà, ó gbé e sókè sí oòrùn. Lẹ́yìn náà ló tún sọ̀rọ̀, kò sì wo ojú Zulfah. "Ohun kan wà tí ó yẹ kí n ti sọ fún un. Àwọn kòkòrò yìí ń mí bí àwa. Kànga tí wọ́n dé pa láti ọjọ́ yìí, tí epo wà nínú rẹ̀, wọ́n ti mí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tán. Kò lè jẹ́ pé èéfín epo nìkan ló gbé e ṣubú. Kò sí afẹ́fẹ́ tó máa mí sínú níbẹ̀."

Ó gbé ìgò lọ sí yàrá ìwádìí ní yunifásítì. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí ó pe Zulfah lórí fóònù.

"Àjẹkù kọ́," ó wí. "Dísẹ́ẹ̀lì ni, gbogbo èyí tó fúyẹ́ ló pé síbẹ̀. Wọn ò tíì fọwọ́ kàn án dáadáa. Àǹtí Zulfah, epo yìí kò pẹ́ nínú ilẹ̀ rárá. Ó ṣì ń wọlé."

Zulfah jókòó sínú ọkọ̀, kò tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Láti Kukuo, bí ilẹ̀ bá ń gun òkè lọ sójú títì, ohun kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ tó ní táǹkì dísẹ́ẹ̀lì lábẹ́ ilẹ̀. Ilé epo Àlájì Tìjání ni. Àlájì Tìjání ló ṣíwájú àwọn àgbààgbà tó lọ bá àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n lé àwọn fítà kúrò.

Àlájì Tìjání náà ni ẹ̀gbọ́n ìyá Zulfah. Òun ló kó Zulfah àti ìyá rẹ̀ sọ́dọ̀ nígbà tí bàbá Zulfah kú. Òun ló ń fà á lọ́wọ́ lọ síléèwé.

*

Zulfah bá Àlájì nídìí oúnjẹ ọ̀sán. Àlájì jókòó lórí ẹní, ọmọ rẹ̀ Ìkrìmà, tó ń bójú tó ilé epo, jókòó sápá òsì rẹ̀. Túwó àti ọbẹ̀ ayoyo, ìyẹn ewédú, ni wọ́n ń jẹ.

"Zulfah, wá bá wa jẹun," Àlájì wí. Ó wo aṣọ iṣẹ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀. "Àbí bí ọlọ́pàá lo ṣe wá?"

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wá bí ọmọ." Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó sì jókòó. "Mo fẹ́ béèrè bóyá táǹkì yín ń jò ni."

Àlájì kò dá òkèlè rẹ̀ dúró. "Táǹkì kankan ò jò. Àwọn fítà ló ba kànga jẹ́, gbogbo ìlú ló mọ̀. Dísẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń fọ irin, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n sì ń dà á sí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Àmọ́ kòkòrò ilẹ̀ ì bá ti jẹ èyí tó dùn nínú rẹ̀ tán láti ọdún kejì. Èyí tí Bashiru bù jáde, wọn ò tíì jẹ ẹ́. Ẹnì kan ṣì ń bu oúnjẹ tuntun fún wọn."

"Kòkòrò," Àlájì wí. "Ṣé kòkòrò ni yóò wá jẹ́rìí lé mi lórí?"

Ojú Zulfah ti kúrò lára Àlájì. Ó ń wo Ìkrìmà. Abọ́ kan náà ni òun àti Ìkrìmà ti jọ jẹun dàgbà. Ìkrìmà yìí ló máa ń fi àwọn ọmọ tó ti Accra wá ṣe yẹ̀yẹ́, pé ẹni tó bá fi irin kan túwó ti ba túwó jẹ́. Lónìí, ṣíbí ni Ìkrìmà fi ń jẹ túwó. Orí ìka ló fi di ṣíbí náà mú, bí ẹni tó mú ẹyin iná.

"Kí ló ṣe ọwọ́ rẹ?" Zulfah bi í.

"Páìpù èéfín mọ́tò ẹlẹ́sẹ̀ méjì mi ló jó mi."

"Èwo nínú wọn?"

"Ọwọ́?" Ìkrìmà wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Méjèèjì."

"Ṣé o fi ọwọ́ méjèèjì gbá páìpù gbígbóná mọ́ra ni?"

Láti ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń gbọ́ ìró odó.

"Ìkrìmà, ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ."

Ó ṣí i. Egbò náà gba àárín àtẹ́lẹwọ́ kọjá ní ìdábùú, lọ́tùn-ún lósì, ó sì bó inú ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Zulfah ti rí ìjóná páìpù rí, ojú kan ló máa ń lẹ̀ mọ́. Èyí sá, bí ojú okùn.

"Nísinsìnyí mo di ọlọ́pàá, Bàbá," Zulfah wí. "Ìkrìmà, dìde ká lọ."

Àlájì kò bú u, kò sì bẹ̀ ẹ́. Ó wẹ ọwọ́ rẹ̀ nínú abọ́ omi, ó nu ún, ó sì sọ pé, "Ọmọ tí mo fi ọwọ́ yìí fà lọ síléèwé."

*

Nọ́ọ̀sì kan tún egbò Ìkrìmà wẹ̀ lójú Abdul-Ganiyu. Ó fi ẹ̀mú yọ fọ́nrán búlúù kan nínú ẹran ìka rẹ̀. Abdul-Ganiyu tẹjú mọ́ fọ́nrán náà títí, ó fà sẹ́yìn lórí àga, kò sì dárúkọ ìjàǹbá mọ́.

"Ṣé ìwọ lo pè é lọ síbẹ̀?" Zulfah bèèrè.

"Òun ló pè mí." Ìkrìmà ń sọ̀rọ̀ sí orí tábìlì. "Ó wá bá mi ní ilé epo. Ó ní, 'Ìkrìmà, ilé kéú kan náà la jọ lọ. Mi ò fẹ́ dójú ti bàbá rẹ. Wá bá mi di okùn mú, kí n bu epo yẹn, kí ìwọ náà fi ojú ara rẹ rí i. Bó bá jẹ́ tiyín, ẹ tún un ṣe ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, mi ò ní pariwo.' Ó ní ká lọ ní àkókò ìrun Jímọ̀ kí Sàlíhù má baà rí òun."

"O mọ̀ pé táǹkì ń jò?"

"Ó pẹ́ tí a ti mọ̀. Dísẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ń dín ju èyí tí a ń tà lọ. Bàbá ní tí a bá hú u, wọ́n á ti ibẹ̀ pa, orúkọ ilé yóò sì bàjẹ́. Ó ní ká dúró ná."

"Ẹ dúró, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n lé àwọn fítà."

Ìkrìmà tẹrí ba.

"Sọ ti okùn fún mi."

"Mo ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó bu epo, ó ní kí n fa òun. Mo fà á, ó ń bọ̀, mo tilẹ̀ rí orí rẹ̀. Lójijì ló wúwo. Ó wúwo bí òkúta, kò fi ẹsẹ̀ ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ mọ́. Mo dì í mú, Zulfah, mo fi Ọlọ́run búra, mo dì í mú títí okùn fi bó mi lọ́wọ́."

"Mo gbà. Ọwọ́ rẹ jẹ́rìí sí i. Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Mo gbọ́ tó balẹ̀ sínú omi. Ó dákẹ́. Mo rò pé ó ti kú."

"Ìgbà wo lo mọ̀ pé kò tíì kú?"

Ìkrìmà fi apá bo ojú. Abdul-Ganiyu fẹ́ sọ̀rọ̀, Zulfah gbé ọwọ́ sókè kó dákẹ́.

"Ó pè mí," Ìkrìmà wí. "Ó pe orúkọ mi. Ohùn rẹ̀ kò le. Mo ní kí n sáré wá okùn mìíràn. Mo dé ìdí mọ́tò mi. Mo wá ń rò ó pé bí mo bá ké, gbogbo Kukuo yóò dé. Wọ́n á bi wá léèrè ohun tí a wá ṣe. Wọ́n á rí ìgò náà lára rẹ̀. Mo jókòó lórí mọ́tò. Ó tún pè mí. Mo jókòó síbẹ̀ títí mi ò fi gbọ́ nǹkan kan mọ́."

"Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Ó wà lápò mi."

"Obìnrin kankan wà nílé nítòsí ibẹ̀?"

"Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ògiri."

Zulfah dìde, ó jáde sí ìta, ó dúró sẹ́yìn ọkọ̀ ọlọ́pàá níbi tí ẹnì kankan kò ti lè rí i. Nígbà tó padà wọlé ojú rẹ̀ ti gbẹ. Ó ní kí Ìkrìmà tún gbogbo rẹ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

*

Wọ́n hú táǹkì. Ìdí rẹ̀ ti lu bí ajere. Àwọn àgbààgbà Yorùbá wá bá Zulfah nílé, wọ́n jókòó yíká, ẹni tó dàgbà jù nínú wọn sì sọ fún un pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni.

"Ilé baba Bashiru ńkọ́?" Zulfah bi wọ́n. "Ọwọ́ wo la fi júwe ìyẹn?"

Wọ́n dìde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó ṣàdúà fún un bí wọ́n ti ń lọ. Ìyá rẹ̀ kò bá a jà, ó ń gbé oúnjẹ ka iwájú rẹ̀, ó sì ń gbé abọ́ kúrò, bí ẹni pé àlejò tó sanwó ni. Ìkrìmà wà ní àhámọ́, ó ń retí ilé ẹjọ́. Wọ́n mú Àlájì náà nítorí táǹkì, ṣùgbọ́n wọ́n gba béèlì rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an; Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, sàfú iwájú, ìlà àkọ́kọ́ nínú mọ́sáláṣí, ló jókòó sí, wọ́n sì sún fún un bí wọ́n ti máa ń sún.

Sàlmà bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ihò tẹ́ẹ́rẹ́ káàkiri láàárín ilé epo àti kànga, kó lè máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí àwọn kòkòrò ìsàlẹ̀ ilẹ̀. Zulfah bi í pé ìgbà wo ni omi Kukuo yóò tó ṣeé mu.

"Ọmọ tí wọ́n bá bí lọ́dún yìí lè mu ún kó tó wọ iléèwé gíga," Sàlmà wí. "Bí wọn ò bá tún da òmíràn sí i."

Ó ku ibì kan tí Zulfah ní láti lọ. Àdúgbò Nyohini ni Hàjàrá, ìyàwó Bashiru, ń gbé. Ó bá a níwájú yàrá pẹ̀lú aṣọ opó lára, ó ń pa ẹ̀pà. Hàjàrá ti ìjókòó onígi kan sí i. Zulfah jókòó, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti táǹkì, ti okùn, ti kòkòrò tó fi hàn pé ọkọ rẹ̀ kò parọ́. Hàjàrá ń pa ẹ̀pà lọ, kò gbójú sókè.

"Àǹtí Zulfah," ó wí níkẹyìn, "ṣé ó pe ẹnì kankan?"

Zulfah ti mọ̀ láti ilé pé yóò bi òun. Ó ti múra irọ́ kan sílẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ẹnu rẹ̀, irọ́ náà kò jáde.

"Ó pè."

"Ta ló pè?"

"Ìkrìmà."

Hàjàrá tẹ ẹ̀pà kan, ó fọ́, ó da ọmọ rẹ̀ sínú igbá, ó da èèpo sílẹ̀.

"Ọjọ́ kejì tí a sin ín, Ìkrìmà wá kí mi," ó wí. "Ibi tí ẹ jókòó sí yẹn ló jókòó. Ó sunkún débi tí kò lè mí mọ́. Mo ní, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má sunkún mọ́, ẹ ti bá a ṣọ̀rẹ́ dé ojú ikú. Mo bu omi fún un mu." Ó mú ẹ̀pà mìíràn. "Èmi ni mo rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún."